Iye Tí Mo Pè Létígbọ̀ọ́ Garland Pake

Oyster Neck,
North Carolina.
Ogúnjọ́, oṣù Keje, ọdún 2014.

Tressa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo ní ìrètí pé àlàáfíà ni lẹ́tà yìí bá ọ lórí ọkọ̀ ogun yín, pé omi Japan kò fi ìgbì dà yín láàmú jù, àti pé wọ́n ń fún ọ ní oúnjẹ tó jọ oúnjẹ. Ní tiwa níhìn-ín, ara le. Ara ìyá rẹ náà le. Jọ̀wọ́, tún gbólóhùn yẹn kà lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó máa bá a lọ, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yóò já ọ láyà bí o bá gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí o pè wá lóṣù Karùn-ún, o bi mí pé kí ló dé tí ìyá rẹ kò wá sórí fóònù. Mo ní ó lọ kí Earlene, ìyàwó Garland Pake. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní Greenville ni ìyá rẹ wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti la àyà rẹ̀, wọ́n sì ti fi òwú rán an pa. Òun fúnra rẹ̀ ló ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Ó ní, "Bí Tressa bá gbọ́, á kó ẹrù rẹ̀ wálé, á sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́." O mọ Nolene. Bó bá ti sọ ọ́ báyẹn, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti bá a jiyàn? Ṣùgbọ́n lánàá ó ní ó ti tó àkókò báyìí, pé kí n jókòó kí n kọ gbogbo rẹ̀ sí ọ, kí n má sì fo ibi tí mo ti hùwà òmùgọ̀. Nítorí náà, mo ti jókòó.

O mọ̀ nípa ibà tó ṣe ìyá rẹ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ó ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ kó tó lọ. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú ọkàn tó yẹ kó máa ṣí kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, kó sì tún pa dé. Tirẹ̀ kò pa dé mọ́. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, dókítà sọ fún wa pé wọ́n ní láti pààrọ̀ ilẹ̀kùn yẹn, pé bó bá fi kọjá ọdún kan, òun kò ní lè ṣèlérí ohunkóhun. Mo bi í pé èló ni. Nígbà tó dá mi lóhùn, mo di àga mú.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ara wa kò ní ọ̀gá tí yóò bá wa san owó adójútòfò ìlera, èyí tí í bá èèyàn san owó ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò lọ fi owó ara rẹ̀ rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti kọ̀wé béèrè láti ìgbà tí a ti bí ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì kọ̀wé padà pé nítorí ọkàn ìyá rẹ, àwọn kò lè gbà á. Kì í ṣe pé ó wọ́n o. Wọn kò tilẹ̀ fẹ́ tà á fún un rárá ni. Ni òfin tuntun bá dé, tó ní láti oṣù Kìíní ọdún yìí, ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ lé aláìsàn sẹ́yìn mọ́, kò sì gbọdọ̀ tìtorí àìsàn bu owó lé e. Wọ́n tún ní ìjọba yóò bá ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ san lára rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti fi ẹnu ara mi bú òfin náà nílé ẹja, níbi tí àwa apẹja ti ń ta ohun tí a bá pa, títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ìyá rẹ kò bú u. Ó gé e jáde nínú ìwé ìròyìn, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Bí mo ṣe lọ sí láíbìrì lóṣù Kìíní nìyẹn. Ìyáàfin Dudley, tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin, ni wọ́n fi síbẹ̀ láti máa bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù adójútòfò náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, àmọ́ ojú tó fi ń wo èèyàn nígbà náà ló ṣì fi ń wo èèyàn. Àwa apẹja kún ibẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi gan-an ni Garland Pake, tí ọkọ̀ rẹ̀ àti tèmi ti ń bára wọn du ipò kìíní láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí àwa méjèèjì.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe nílé ẹja. Orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lára pátákó, àti iye owó edé àti akàn tó kó wọlé. Bí wọ́n bá bi ọkùnrin pé èló ló rí lọ́dún, iye tó wà lára pátákó ló máa pè. Kò sẹ́ni tí í sọ pé epo kó ìdajì lọ, pé yìnyín kó tirẹ̀, pé àwọ̀n ya lẹ́ẹ̀mejì, pé ọmọṣẹ́ gba ìpín rẹ̀. Ẹni tó bá pe iye tó kù sí i lọ́wọ́ gan-an dà bí ẹni tó bọ́ ṣòkòtò láàrin èrò. Nítorí náà, nígbà tí Ìyáàfin Dudley bi mí pé, "Harlan, èló lò ń rí lọ́dún?", n kò ronú rárá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún dọ́là ló wà lára pátákó fún ọkọ̀ wa. Mo wá gbọ́ tí Garland ń húkọ́ lẹ́yìn mi, ni mo bá fi ogún kún un. Mo pè é sókè ketekete: "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà, mà."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. A dúró. Iye tó jáde fún èmi àti ìyá rẹ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ, lóṣooṣù. Mo ní, "Ìrànlọ́wọ́ ìjọba ńkọ́, mà?" Ó wò mí láti òkè jígí ojú rẹ̀, ó ní, "Harlan, ẹni tó ń rí iye tí o pè yìí kò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Garland sọ láti ẹ̀yìn pé, "Òótọ́ ni mà, olówó wa ni. Ẹ ṣáà wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí wọ́n má bàa mọ nǹkan kan, mo sì jáde.

Ìyá rẹ ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe dọ́ńpìlì sínú ọbẹ̀ akàn nígbà tí mo wọlé. Mo sọ iye náà fún un. Ó ní, "Lóṣù?" Mo ní, "Lóṣù." Ó yíjú sí ìkòkò, ó ń rọra ju dọ́ńpìlì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Ó ṣáà dáa pé wọn ò kọ̀ mí lọ́tẹ̀ yìí." Tressa, ì bá sàn fún mi kó sunkún. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi títí di ìsinsìnyí.

O ó béèrè pé kí ló dé tí n kò padà lọ sọ òótọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn ni. Ogójì ọdún ni mo ti fi ń pe iye ọkọ̀ bíi pé iye tèmi ni. Mo gbà gbọ́ pé òótọ́ ni mo sọ, yàtọ̀ sí ogún tí mo bù lé e nítorí etí Garland, ìyẹn náà sì dà bí ẹ̀fẹ̀ lójú mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé òfin náà ti tàn wá, bí mo ṣe ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò tàn wá. Mo ń bínú sí gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè ìbínú náà bí kò ṣe èmi fúnra mi.

Lóṣù Kẹta, ìyá rẹ kò lè rìn dé ibi àpótí lẹ́tà láìdúró lẹ́ẹ̀mejì. Ni mo bá pinnu láti ta ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ, tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn lábẹ́ igi óákù ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ní n ó fi owó rẹ̀ san adójútòfò fún ọdún bíi mélòó kan, n ó sì lọ ṣe ọmọṣẹ́ lórí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ ní bí mo bá tà á, òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní bó bá wà láàyè láti má bá mi sọ̀rọ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá rà á, ìwọ náà mọ ẹni náà. Garland dé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta. Mo rántí ọjọ́ náà torí ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjà orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba ti ń ta adójútòfò yóò ti ìlẹ̀kùn, tí kò sì ní ṣí mọ́ títí òpin ọdún. Ó tẹ ara ọkọ̀ káàkiri, ó wo ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Lẹ́yìn epo, lẹ́yìn yìnyín, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, èló ló fi sílẹ̀ fún ọ lọ́dún tó kọjá?" O mọ̀ pé a kì í purọ́ fún ara wa lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ títà ní Oyster Neck, torí orí omi ni ẹni tó rà á ń gbé e lọ. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

Garland yíjú kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ó wá ní, "Kí lo wá sọ fún Ìyáàfin Dudley lóṣù Kìíní?" Mo ní, "Ṣebí o wà níbẹ̀, o gbọ́." Ó ní, "Mo gbọ́! Mo rò pé o kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé o máa padà wá sọ òótọ́ fún màmá yẹn tí mo bá ti kúrò níbẹ̀. Harlan, iye tó délé ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe iye ara pátákó! Èmi náà ti la ẹnu láti pe ọgọ́fà kí n lè borí rẹ, Earlene ló tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó ní, 'Mà, ẹ má dá a lóhùn, mọ́kàndínlógójì ló mú wálé.' Ṣé o mọ iye tí àwa méjèèjì ń san báyìí? Igba ó lé ogójì!" Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi gbá mi léjìká. "Àgbà òmùgọ̀! O fẹ́ ta ọkọ̀ bàbá rẹ nítorí etí mi?"

Garland ní, "Mi ò ra ọkọ̀ kankan. Wọ mọ́tò."

Èrò tó wà ní láíbìrì lọ́jọ́ yẹn tò jáde dé ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Aago márùn-ún ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn. A dúró, a dúró, bí ẹni pé aago ń sáré. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù kó tó kàn mí. Gbogbo ọkùnrin tí mo ti ń bá fọ́nnu láti kékeré ló wà lẹ́yìn mi, Dalton Salter wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Gaskill méjèèjì wà níbẹ̀. Ìyáàfin Dudley tún bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo tẹ̀ sí i, mo rọra sọ ọ́. Ó ní, "Sọ̀rọ̀ sókè, Harlan. Láti kíláàsì kẹrin lo ti ń kùn sínú." Mo ti wà lórí omi nínú ìjì mẹ́ta, ọmọ mi, ẹ̀rù kò bà mí tó báyẹn rí. Mo rántí ìyá rẹ níbi àpótí lẹ́tà, ó di igi mú, ó ń wá èémí. Mo nàró, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo láíbìrì gbọ́: "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ ni mo pa nígbà tí mo kọ́kọ́ wá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dalton Salter ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Mà, tèmi náà... ẹ jẹ́ kí n tún un pè. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni." Ọmọ Gaskill kan ní òun náà wá lóṣù Kejì, pé iye tí wọ́n pè fún òun pọ̀ débi pé òun lọ sílé láìrà á. Ìyáàfin Dudley bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Mélòó nínú yín ló purọ́ fún mi?" Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń nawọ́ sókè bíi pé inú kíláàsì la wà, àwọn bàbá tó ní ọmọ-ọmọ nílé. Mo ka ọwọ́ méje, tèmi náà ni ìkẹjọ. Ó ní kí wọ́n má kúrò lórí ìlà, ó sì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú láíbìrì pé kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn kankan títí òun yóò fi gbọ́ òótọ́ lẹ́nu àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ó tẹ iye tèmi sínú kọ̀ǹpútà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án dọ́là. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní ṣé fún ìyá rẹ nìkan ni, ó ní fún àwa méjèèjì. Mo ní ṣé lọ́sẹ̀ ni, ó ní, "Lóṣù, Harlan, lóṣù. Fọwọ́ sí i kí n ráyè gbọ́ ti àwọn opùrọ́ yòókù." Mo fọwọ́ sí i. Ojú kò tì mí láti sọ fún ọ pé mo sunkún lórí tábìlì rẹ̀. Garland na aṣọ ìnujú rẹ̀ tó ń rùn fún epo sí mi, ó ní, "Ẹ wò ó, olówó wa ń sunkún."

Ìyá rẹ jókòó sórí àga lẹ́yìnkùlé, ó ń ká aṣọ tó gbẹ nígbà tí mo délé. Mo sọ iye náà fún un. Ó ní mò ń parọ́. Mo fi ìwé hàn án. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá bi mí pé kí ló mú un wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ikọ́ Garland dé orí ogún tí mo bù lé e. Ó ju ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lù mí, ó ju òmíràn, ó ju gbogbo agbọ̀n náà. Nígbà tí kò rí nǹkan jù mọ́, ó di ọrùn mi mú, kò sì fi mí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni káàdì adójútòfò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá ni iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, akọ̀wé bi wá pé ta ni yóò sanwó. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ fi ọwọ́ tì mí sẹ́yìn. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kọ "kò sí" sí àyè yẹn nínú gbogbo fọ́ọ̀mù. Ó fúnra rẹ̀ yọ káàdì náà jáde, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e ka iwájú ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń gbé ife ẹ̀yẹ kalẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Garland àti Earlene bá mi jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n gbé búrẹ́dì àti ẹja díndín wá, Garland sì jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní ilẹ̀kùn tuntun náà ń ṣí, ó sì ń pa dé bó ṣe yẹ.

Ó ti ń rìn báyìí. Ó ti ń pàṣẹ. Wọ́n ṣì ní kó má gbé nǹkan tó wúwo, nítorí náà èmi ni mò ń gbé e, òun sì ń júwe bí mo ṣe gbé e tí kò dáa.

Lánàá ni ìwé owó ilé ìwòsàn dé. A jọ jókòó sórí ilẹ̀ pákó iwájú ilé, mo kà á sókè. Gbogbo iṣẹ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́sàn-án dọ́là. Adójútòfò gbé e, ó ku ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún wa, a ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Nolene, wọ́n ní iye owó ọkàn rẹ ju iye gbogbo ohun tí mo ní láyé lọ." Ó ní, "Àní iye tí o pè létígbọ̀ọ́ Garland kò tó o." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Tressa, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹ̀rín ìyá rẹ ti máa ń gé lójijì, tí yóò fọwọ́ lé àyà, tí yóò máa wá èémí, tí a ó sì máa ṣe bíi pé a kò rí i. Mo dúró de ibi tí yóò gé. Kò gé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó ni òkun ṣọ́ ọ níbikíbi tí ọkọ̀ yín bá forí lé. Kó fún ọ ní ọ̀gá tó ní àánú àti oorun tó dùn. Kó mú ọ padà wá bá wa láyọ̀, kó sì jẹ́ pé àwa méjèèjì ni yóò dúró ní èbúté láti gbà ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Harlan Piner.

Ó ku kékeré: Garland ń sọ káàkiri ìlú pé òun lòun gba ẹ̀mí ìyá rẹ là. Bí o bá dé tó sì sọ ọ́ fún ọ, má bá a jiyàn. Òótọ́ ló ń sọ.